Bí Ìwúkàrà Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tí Yóò Pín

  Ìtàn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn ohun kan ni tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, síbẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹnì kan nínú wa tí kò tíì jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìwúkàrà ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì a máa po ìwúkàrà mọ́ ìyẹ̀fun kí ó lè wú. Ṣùgbọ́n adẹ́mu kì í po ohunkóhun mọ́ ẹmu rẹ̀. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, ó dùn bí oyin. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti ń hó, ó ti ń yọ ìfófòó. Bí ó bá fi di ọjọ́ kejì, ẹni tí kò bá mọ ẹmu í mu, kí ó yáa jìnnà sí i. Ìwúkàrà tí ó wà lára igi ọ̀pẹ àti nínú agbè ni ó wọ inú ẹmu náà, tí ó jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ di ọtí. Ohun abẹ̀mí ni ìwúkàrà. Mọ̀lẹ́bí olú tí à ń wá nínú igbó ni, mọ̀lẹ́bí irun funfun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá pẹ́ nílẹ̀ ni pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé olú ní ẹsẹ̀, ó sì ní agboòrùn lórí. Ìwúkàrà kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ.

Kí ni à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì? Bí bíríkì ti jẹ́ sí ilé ni sẹ́ẹ̀lì jẹ́ sí ara ohun abẹ̀mí. Ara ewé, ara ewúrẹ́, ara èmi àti ẹ̀yin, sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíríkì yìí kì í ṣe èyí tí bíríkìlà ń mọ. Fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹun, fúnra rẹ̀ ni ó ń dàgbà, nígbà tí ó bá sì tóbi tó, á pín sí méjì. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ ni oyún ṣe ń di ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọgbẹ́ ṣe ń pa dé.

Mo sọ pé nígbà tí ó bá tóbi tó. Ta ni ó ń sọ fún un pé ó ti tóbi tó? Kò ní ojú, kò ní ọpọlọ. Bí ó bá pín kí ó tó tó àkókò, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò kéré jù ú lọ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò tún kéré ju ìyẹn lọ, títí ìran náà yóò fi parẹ́. Bí ó bá kọ̀ tí kò pín, á kàn máa gùn lásán ni, kò ní bímọ. Nínú ara ènìyàn, bí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín láìgba àṣẹ, ohun tí ó ń dà ni àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ ó sì yà á lẹ́nu pé lára ìwúkàrà ni àwọn onímọ̀ ti rí ìdáhùn rẹ̀.

Ilẹ̀ adúláwọ̀ ni orúkọ ìwúkàrà ọ̀hún ti wá. Ní ọdún 1893, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Paul Lindner, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọtí pípọn, yẹ ọtí jéró kan wò tí ó ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá. Ìwúkàrà tí ó rí níbẹ̀ kò dà bí ti búrẹ́dì. Ti búrẹ́dì rí roboto. Bí ó bá fẹ́ bímọ, ọmọ á yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí kókó, á máa tóbi díẹ̀díẹ̀, á sì já. Èyí tí Lindner rí gùn gbọọrọ bí ọ̀pá, ààrin gan-an ni ó sì ti ń dá sí méjì, bí ìgbà tí a fi àdá bu ìrèké. Lindner sọ ọ́ ní Schizosaccharomyces pombe. Ẹ má jẹ́ kí apá àkọ́kọ́ orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Pombe ni kí ẹ dì mú. Èdè Swahili ni, ọtí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Pombe náà ni èmi yóò sì máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ó ka pombe kún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Urs Leupold, ará ilẹ̀ Switzerland, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí pombe ṣe ń jogún ìwà lọ́wọ́ ìyá àti bàbá. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Murdoch Mitchison ní Yunifásítì Edinburgh, ní Skọ́tlándì, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bí ó ṣe ń dàgbà. Ohun tí ó mú kí ó wu Mitchison ni pé pombe kì í sanra. Gígùn nìkan ni ó ń gùn, orí rẹ̀ méjèèjì ni ó sì ti ń gùn. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, kò ju ìdá 7 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Bí ó bá tó nǹkan bí ìdá 14, ó pín. Bí a bá ti mọ gígùn rẹ̀, a ti mọ ibi tí ó bá ayé rẹ̀ dé, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ń fi ẹfun sàmì sára ògiri láti mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ga sí i.

Kí n tó máa bá pombe lọ, ẹ jẹ́ kí a yà sí Amẹ́ríkà ní ìṣẹ́jú kan, nítorí ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìtàn yìí wà. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni àwọn òṣìṣẹ́ wà tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Purotéènì ni wọ́n, irú purotéènì kan náà tí a ń jẹ nínú ẹ̀wà àti ẹyin, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀: èyí ń fọ́ oúnjẹ, èyí ń tò ó pọ̀. Ní ọdún 1955, ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, Edmond Fischer àti Edwin Krebs ń yẹ ẹran ara ehoro wò. Wọ́n rí i pé ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀ tí ó dà bí ẹni tí ń sùn. Kò kú, kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù mìíràn a wá, á so ẹyọ fọ́sífétì kan mọ́ ọn lára, èyí tí ó kéré púpọ̀púpọ̀ sí i, lójú ẹsẹ̀ ni ó sì jí sí iṣẹ́. Bí a bá tún já fọ́sífétì náà kúrò, á padà sùn. Àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń so fọ́sífétì mọ́ ẹlòmíràn lára ni à ń pè ní kínéèsì. Fischer àti Krebs gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 1992, lẹ́yìn tí a ti rí i pé kò sí ibi tí kínéèsì kò dé nínú ara ohun abẹ̀mí.

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni fọ́sífétì ń jí ẹ́ńsáìmù. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń dá a dúró. Ẹ ti rí ọmọ ọkọ̀ lórí òkè, tí ó ń fi igi dí ẹ̀yìn táyà lọ́rì. Ẹ́ńjìnnì ń ké, dírẹ́bà wà lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní yí títí ọmọ ọkọ̀ yóò fi yọ igi náà. Ẹ fi lọ́rì yìí sọ́kàn. A ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní yunifásítì kan náà yìí ní Seattle, ní nǹkan bí ọdún 1970, Leland Hartwell dá ọgbọ́n kan. Ó mú ìwúkàrà búrẹ́dì, ó fi oògùn ba àwọn jíìnì rẹ̀ jẹ́ níbí àti lọ́hùn-ún. Jíìnì ni ìlànà tí ọmọ ń jogún, tí ó ń sọ bí a ó ti ṣe purotéènì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ba jíìnì tí ń darí pípín jẹ́ pátápátá, ìwúkàrà náà kú nìyẹn, kò sì sí ohun tí a lè kọ́ lára òkú. Nítorí náà ó wá àwọn tí ìbàjẹ́ wọn kò hàn àfi nínú ooru. Ẹ wo òrí tí à ń fi para: nígbà ọyẹ́ ó le; bí oòrùn bá mú, á yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni purotéènì irú àwọn ìwúkàrà wọ̀nyí rí. Nínú òtútù díẹ̀, wọ́n ń pín bí ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí a bá gbé wọn sínú ooru, gbogbo wọn á dúró sójú kan náà, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí ó kú sójú ọ̀nà. Hartwell wo ibi tí olúkúlùkù dúró sí, ó sì ti ibẹ̀ mọ iṣẹ́ jíìnì tí ó bàjẹ́. Ó rí jíìnì tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún tí wọ́n jọ ń bójú tó pípín yìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Paul Nurse, gbọ́ nípa iṣẹ́ Hartwell, ó sì pinnu láti fi pombe ṣe irú rẹ̀. Ó lọ kọ́ ọgbọ́n àjogúnbá lọ́dọ̀ Leupold ní Bern fún oṣù díẹ̀ ní ọdún 1973, lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ Mitchison ní Edinburgh. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá pombe tí kò lè pín nínú ooru. Ó rọrùn láti mọ̀ wọ́n, nítorí wọ́n ń gùn gbọọrọ láìdá. Àwọn jíìnì wọ̀nyí ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà: cdc2, cdc25 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò, ó rí àwọn kan tí ìwà wọn yàtọ̀ pátápátá. Wọn kò gùn. Kúkúrú ni wọ́n, wọn kò tó ìwọ̀n ẹgbẹ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n ń pín. Ẹni tí ojú ń kán ìbá kọjá lára wọn. Nurse ronú báyìí pé: bí nǹkan bá bàjẹ́ tí ọkọ̀ kò lè lọ mọ́, ohun tí ó bàjẹ́ lè jẹ́ ohunkóhun, ó lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó lè jẹ́ táyà, ó lè jẹ́ pé epo ló tán. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́ tí ọkọ̀ wá ń tètè gbéra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ní láti jẹ́ pé ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró ni ó bàjẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé Skọ́tlándì ni wọ́n wà, ó mú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe ohun kékeré, ó sọ jíìnì náà ní wee1. Ọdún 1975 ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó tún wá irú wọn sí i. Ó rí bí àádọ́ta, jíìnì kan náà, wee1, ni ó bàjẹ́ nínú gbogbo wọn. Iṣẹ́ náà ti ń sú u. Níkẹyìn ó rí òmíràn tí ó kéré bí tiwọn, ṣùgbọ́n àwo tí ó wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Inú àwo pẹlẹbẹ, lórí ohun tí ó dì bí ẹ̀kọ, ni wọ́n ti ń gbin ìwúkàrà, irun funfun tí ń hù lára oúnjẹ ti bo ti inú àwo yìí. Ẹ ò rí i pé mọ̀lẹ́bí ìwúkàrà fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ ba nǹkan jẹ́! Nurse ju àwo náà sínú ààtàn, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé lọ jẹun. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó jẹun tán, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó tún gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò, ó gun òkè padà sí ibi iṣẹ́, ó yọ àwo náà jáde nínú ìdọ̀tí, ó sì fi sùúrù ya pombe inú rẹ̀ kúrò lára irun funfun náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn yìí.

Kì í ṣe wee1 ni ó bàjẹ́ nínú pombe yìí. Nígbà tí Nurse àti ẹnìkejì rẹ̀, Pierre Thuriaux, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé cdc2 ni. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. A ti mọ cdc2 tẹ́lẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́nà kan, pombe kò lè pín rárá, á máa gùn. Nísinsìnyí, jíìnì kan náà bàjẹ́ lọ́nà mìíràn, pombe wá ń pín kí ó tó tó àkókò. Ohun tí ó jẹ́ pé bí kò bá sí, ọkọ̀ kò lè gbéra, tí ó sì tún jẹ́ pé bí a bá yí i díẹ̀, ọkọ̀ á tètè gbéra, kí ni a ó pè é bí kò ṣe dírẹ́bà? Ọdún 1980 ni Nurse àti Thuriaux kọ èyí jáde.

Ó kù kí a mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 1986 ni ó hàn gbangba pé kínéèsì ni cdc2. Òun ni ó ń so fọ́sífétì mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ purotéènì tí iṣẹ́ pípín wà lọ́wọ́ wọn, tí ó ń jí wọn kalẹ̀. Ní ọdún 1987, Paul Russell àti Nurse fi hàn pé ó jọ pé kínéèsì ni wee1 náà. Ní ọdún 1989, Kathleen Gould àti Nurse rí igi ẹ̀yìn táyà gan-an: fọ́sífétì ẹyọ kan ni, ojúkan pàtó ni ó sì wà lára cdc2. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, cdc2 kò lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá kúrò, pombe á pín. Wee1 ni ọmọ ọkọ̀ tí ń fi igi dí táyà. Cdc25 ni èkejì rẹ̀ tí ń yọ igi kúrò. Nísinsìnyí ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ bára mu: bí wee1 bá bàjẹ́, kò sí igi, ọkọ̀ gbéra kíákíá, pombe kéré. Bí cdc25 bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò yọ igi, pombe á máa gùn láìpín. Inú àwo inú ààtàn yẹn ńkọ́? Igi wà, ṣùgbọ́n táyà ti yí padà tí igi kò fi lè dá a dúró mọ́.

Àwọn kan lè máa sọ lọ́kàn pé ó dára fún pombe, kí ni ó kan ènìyàn? Nurse náà bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Òun ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, sí ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Òun àti Melanie Lee mú pombe tí cdc2 rẹ̀ ti bàjẹ́, èyí tí kò lè pín nínú ooru. Wọ́n kó ẹ̀là ẹ̀là jíìnì ènìyàn, wọ́n fi sínú àìmọye irú pombe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé wọn sínú ooru. Wọ́n ń retí bóyá jíìnì ènìyàn kan yóò lè dípò èyí tí ó bàjẹ́. Ó rí bí ẹni tí ó lọ bọ́ dírẹ́bà lọ́rì kúrò tí ó sì ń fi ẹni tí kò mọ̀ rí jókòó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kò pín. Àwọn kan pín. Nígbà tí wọ́n ka jíìnì ènìyàn tí ó wà nínú wọn, ó jọ cdc2 bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra. Ọdún 1987 nìyẹn. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìran wa ti pínyà sí ti ìwúkàrà, síbẹ̀ dírẹ́bà kan náà ni ó wà lórí ìjókòó. Ní tèmi o, nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, díẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu tó èyí.

Cdc2 kì í dá ṣiṣẹ́. Ó ní purotéènì kan tí ó gbọ́dọ̀ dì mọ́ ọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sáíkílíìnì. Tim Hunt ni ó kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní ọdún 1982 nínú ẹyin ẹranko òkun kan tí ara rẹ̀ kún fún ẹ̀gún. Ó kíyè sí i pé bí ẹyin bá ti fẹ́ pín, purotéènì yìí á pọ̀. Bí ó bá ti ń pín, á pòórá. Ibo ni ó ń lọ? Wọ́n wá rí i pé àmì mìíràn wà yàtọ̀ sí fọ́sífétì. Yubikuítíìnì ni wọ́n ń pè é, àwọn ẹ́ńsáìmù kan ni ó sì ń fi í kọ́ purotéènì lọ́rùn. Èyí tí a bá fi kọ́ lọ́rùn, inú ohun tí ó dà bí odó nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kó o lọ láti gún un wẹ́wẹ́. Àwọn tí ó rí iṣẹ́ àmì yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2004. Hartwell, Hunt àti Nurse ti gba tiwọn ní ọdún 2001.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọkọ̀ tí ń ki igi bọ ẹ̀yìn táyà, ta ni ó ń pàṣẹ fún un? Oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá dára, pombe a máa pín nígbà tí kò tíì gùn tó bí ó ti yẹ. Bí ebi bá wá pọ̀ gan-an, kò ní pín mọ́. Méjì á so pọ̀ bí ọkọ àti aya, wọ́n á di hóró líle tí ń dúró de ọjọ́ rere. Nípa ti gígùn, kínéèsì mìíràn wà tí ń jẹ́ Cdr2, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá wee1 lọ́wọ́ kọ́. Awọ ara pombe ní ààrin ni ó ń kóra jọ sí, bí pombe bá sì ṣe ń gùn sí i ni Cdr2 ń pọ̀ sí i níbẹ̀, títí wee1 yóò fi juwọ́ sílẹ̀. Orí méjèèjì ni kínéèsì kan tún wà, Pom1, tí kì í jẹ́ kí Cdr2 ráyè níbẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì sọ pé Pom1 ni ọ̀pá ìwọ̀n tí pombe fi ń mọ gígùn ara rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn sọ pé bí a tilẹ̀ mú Pom1 kúrò, pombe ṣì ń mọ ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu àríyànjiyàn náà.

Ní ti àwa ènìyàn, mọ̀lẹ́bí cdc2 pọ̀ nínú ara wa, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Àwọn méjì nínú wọn, ìkẹrin àti ìkẹfà, a máa ya aláìgbọràn nínú àwọn irú jẹjẹrẹ ọmú kan, wọ́n á máa lé sẹ́ẹ̀lì sí pípín láìdáwọ́ dúró. Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí ń jẹ́ palbociclib, tí ó ń di àwọn méjèèjì lọ́wọ́ mú. Àwọn oògùn mìíràn bí irú rẹ̀ sì ti tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn náà lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó má tilẹ̀ gbọ́ orúkọ pombe rí.